Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí owó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́

Bí àfikún owó oṣù bá jáde, kò sẹ́ni tí í kọ̀ ọ́. Owó ẹgbẹ́ tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù ló máa ń dá awuyewuye sílẹ̀: "Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń fi owó mi ṣe?" Ìbéèrè tó tọ́ ni, dandan sì ni kí ẹgbẹ́ dáhùn rẹ̀. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà ń gbà fi ìbínú wọn hàn ló ń ṣe wọ́n níbi. Èrò tiwa ni pé ẹni tó bá ń jẹ àǹfààní ìdúnàádúrà tí ẹgbẹ́ ń bá agbanisíṣẹ́ ṣe, ó yẹ kó bá wọn san owó rẹ̀, kó sì máa bi ẹgbẹ́ léèrè owó náà láìbẹ̀rù.

"Bí mo san, bí n kò san, wọn á fún mi"

Òótọ́ wà níbẹ̀. Bí ẹgbẹ́ àti agbanisíṣẹ́ bá fẹnu kò lórí àjẹmọ́nú ọkọ̀ tàbí ti ilé, gbogbo ẹni tó wà ní ìpele iṣẹ́ yẹn ló sábà máa ń gbà á. Bí àdúgbò tó dáwó ra tiransifọ́mà ló rí: iná á dé ilé ẹni tí kò dá kọ́bọ̀. Ìgbà tí tiransifọ́mà bá jó, tí ìdajì àdúgbò ò dáwó mọ́, ni gbogbo wọn á jọ wà lókùnkùn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ìwé òfin ẹgbẹ́ kan sọ pé 2% owó oṣù ìpìlẹ̀ ni kí wọ́n máa yọ. Ẹni tí owó ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦80,000 á san ₦1,600 lóṣù, ₦19,200 lọ́dún. Bí ìdúnàádúrà bá mú àfikún ₦10,000 wá lóṣù, ₦120,000 nìyẹn lọ́dún. Inú owó ẹgbẹ́ ni owó lọ́yà ti ń jáde, àti owó ọkọ̀ àwọn aṣojú tó ń lọ sípàdé, owó oṣù àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, àti èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ NLC tàbí TUC, àwọn àjọ tó kó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jọ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Owó oṣù tó kéré jùlọ jẹ́ ₦18,000 ní 2011, ó di ₦30,000 ní 2019, ó sì di ₦70,000 ní oṣù Keje 2024. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, NLC àti TUC ti da iṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀.

Kí payslip máa sọnù

Èyí ló ń dùn wá jù, torí ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù ni òṣìṣẹ́ máa ń mọ̀. Láti ìgbà pípẹ́, ilé ẹjọ́ kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo fi àdéhùn tí ẹgbẹ́ bá agbanisíṣẹ́ ṣe pẹjọ́, àfi bí wọ́n bá ti kọ àdéhùn náà wọnú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀. Àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa, ti ọdún 2010, ló fún National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, lágbára lórí ìtumọ̀ àti ìmúlò irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ náà ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ dúró lórí àdéhùn ẹgbẹ́ pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn pé ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n.

Kí lẹ máa fi hàn? Ẹ wo payslip yín, apá ibi tí wọ́n ń kọ owó tí wọ́n yọ sí. Lábẹ́ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì, ìlà kan wà tí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ tàbí "check-off" sí, pẹ̀lú iye tí wọ́n yọ. Ìlà yẹn ni ẹ̀rí yín. Ẹni tó ti yọ ara rẹ̀ kúrò torí ₦1,600 lè dé kóòtù kí agbẹjọ́rò agbanisíṣẹ́ fi àìsí ìlà yẹn lé e padà. Ẹ tọ́jú payslip oṣooṣù, ẹ̀dà àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí, àti fọ́ọ̀mù tí ẹ fi wọ ẹgbẹ́. Bí àdéhùn tuntun bá jáde, ẹ ní kí ẹgbẹ́ bá yín béèrè lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ tó sọ pé ó ti di ara ìwé iṣẹ́ yín.

Kí ẹ jáde lọ́nà tí kò bófin mu

Abala 5(3) nínú Labour Act ní kí agbanisíṣẹ́ máa yọ owó ẹgbẹ́ lára owó oṣù gbogbo ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wà nínú ẹgbẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ tààrà sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Abala yẹn kan náà ló gbà kí òṣìṣẹ́ yọ ara rẹ̀ bó bá kọ̀wé. Àtúnṣe ọdún 2005 sí Trade Unions Act sì fi kún un pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fipá mú òṣìṣẹ́ wọ ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹ́ torí pé ó kọ̀.

Níbo ni wọ́n ti ń ṣì í ṣe? Wọ́n á sọ ọ́ lẹ́nu fún akáǹtì. Ogójì èèyàn á fọwọ́ sí lẹ́tà kan ṣoṣo. Èyí tó burú jù ni fọ́ọ̀mù tí ọ̀gá ti tẹ̀ sílẹ̀, tó ní kí kálukú kàn buwọ́ lù. Ilé ẹjọ́ ti sọ ọ́ léraléra pé òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ̀wé, lọ́kọ̀ọ̀kan, agbanisíṣẹ́ ò lè bá a kọ ọ́. Agbanisíṣẹ́ tó ń wá ikú ẹgbẹ́ ni irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́.

Bó bá di dandan kí ẹ jáde, ẹ kọ lẹ́tà náà fúnra yín: orúkọ, nọ́ńbà òṣìṣẹ́, ìpele iṣẹ́, orúkọ ẹgbẹ́, déètì, ìbuwọ́lùwé. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan lọ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó òṣìṣẹ́, ọ̀kan sọ́dọ̀ akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí èyí tó kù lọ́wọ́ yín. Kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, ẹ mọ̀ pé ẹ ò ní dìbò mọ́, ẹ ò sì ní bá wọn jókòó yan ohun tí wọ́n máa béèrè. Ọjọ́ tí query bá dé kọ́ lèèyàn ń sáré lọ forúkọ sílẹ̀.

Ìgbéga láìkọ̀wé

Ìlànà kejì ló de àwọn òṣìṣẹ́ àgbà. Ní ti òṣìṣẹ́ kékeré, ilé ẹjọ́ gbà pé ọmọ ẹgbẹ́ ni títí tó fi kọ̀wé jáde; ní ti òṣìṣẹ́ àgbà, àfi kó kọ̀wé wọlé. Ẹni tó kúrò ní NASU, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kékeré tí kì í ṣe olùkọ́, ní yunifásítì nítorí ìgbéga, tó yẹ kó bọ́ sí SSANU, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ àgbà tí kì í ṣe olùkọ́, gbọ́dọ̀ kọ̀wé pé òun fẹ́. Bí kò bá kọ ọ́, ó lè má ní ẹgbẹ́ kankan, tàbí kí wọ́n ṣì máa yọ owó rẹ̀ fún ẹgbẹ́ àtijọ́.

Kí ẹ fi òfin Amẹ́ríkà jiyàn

Ìdájọ́ Janus, tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà dá ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà 2018, sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba níbẹ̀ ò ní san kọ́bọ̀ fún ẹgbẹ́ láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i. Àwọn ẹbí yín tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́hùn-ún lè lò ó. Kò kan payslip Nàìjíríà.

Kí ẹ san án, kẹ́ ẹ má tọpa rẹ̀

Kí agbanisíṣẹ́ yọ owó kò túmọ̀ sí pé owó dé ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan ń dì í mọ́wọ́ fún oṣù mélòó kan. Àwọn mìíràn ń ṣírò ìdá náà lórí àpapọ̀ owó oṣù dípò owó ìpìlẹ̀: 2% lórí ₦150,000 jẹ́ ₦3,000, kì í ṣe ₦1,600. Ẹ fi ìwé òfin ẹgbẹ́ wé payslip yín. Ní ìpàdé ẹ̀ka, ẹ ní kí akápò ka oṣù tí owó dé kẹ́yìn, iye òṣìṣẹ́ tó wà lórí àkọsílẹ̀ tó bá a wá, àti iye tó padà sí ẹ̀ka. Bí iye òṣìṣẹ́ tó wà lórí àkọsílẹ̀ yẹn àti iye àwọn tí wọ́n yọ owó wọn lórí payslip ò bá dọ́gba, kí akọ̀wé kọ̀wé sí agbanisíṣẹ́, pẹ̀lú ẹ̀dà payslip àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó fẹ́ fi sílẹ̀. Ẹgbẹ́ lè gbé agbanisíṣẹ́ tó kọ̀ láti fi owó sílẹ̀ lọ sí National Industrial Court. Bó bá sì jẹ́ ẹgbẹ́ ló ń fi ìṣirò pamọ́, òfin ní kó máa fi ìṣirò owó rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́dọọdún sọ́dọ̀ Registrar of Trade Unions ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí.