Jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kí o tó kọ kóòdù

Yábàá ni mo ti ń kọ áàpù, àmọ́ ọjà Balógun ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń wádìí ohun tí oníbàárà nílò. Má bi ìyá aláṣọ pé kí ni kí áàpù máa ṣe. Sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n rí bí ẹ ṣe ń tajà láti àárọ̀." Kí o wá jókòó. Wo ìwé gbèsè wọn dáadáa, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà! Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé léèsì tí ẹnì kan ti san àsansílẹ̀ lé lórí ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, síbẹ̀ kò ṣeé tà mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀.

Tí o bá délé, ya àpótí kan fún ipò kọ̀ọ̀kan tí aṣọ lè wà: ó wà fún títà, wọ́n ti san àsansílẹ̀, ó ti lọ. Fi ọfà so wọ́n pọ̀. Nínú UML, èdè àwòrán tí OMG, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, fọwọ́ sí ní 1997, state machine diagram ni wọ́n ń pè é.

Tí o bá wá ń kọ ohun tí áàpù gbọ́dọ̀ ṣe sílẹ̀, má kọ "kó yára". Kọ "kí iye aṣọ tó kù hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2", torí èyí ṣeé dán wò.

Gbé àwòrán náà padà lọ bá wọn. Mo béèrè pé: "Mà, tí ẹni tó san àsansílẹ̀ ò bá padà wá ńkọ́?" Wọ́n ní tó bá pé oṣù kan, àwọn á tà á, àwọn á tọ́jú owó rẹ̀ dè é. Mo fa ọfà kan padà sẹ́yìn lójú wọn.