Bí mo ṣe ń wọn aṣòfin tó fẹ́ padà sí Òkè-Mósàn

Télọ̀ ni mí, ní Mákùn, Ṣágámù. Tí ìbò bá ti ń bọ̀, ojú olóṣèlú ló máa ń kún ṣọ́ọ̀bù mi: lára ànkàrá, lára fìlà, lára báàgì. Lọ́dún ìbò kan, ọmọkùnrin kan gbé ànkàrá wá. Ó ní ọ̀gá òun fẹ́ padà sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí n bá wọn rán búbá àti ìró ogójì fún àwọn ìyá wọ́ọ̀dù. Ó san ìdajì owó. Ọ̀gá rẹ̀ wọlé. Ìdajì tó kù ṣì wà lọ́nà títí dòní. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mo ti ra ìwé kékeré kan sínú àpótí máṣíìnì mi, tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ ẹni tó bá ní òun fẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí 2027 ṣe ń kanlẹ̀kùn yìí, àwọn oníbàárà ń bi mí pé kí ni mò ń kọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú aṣòfin tí ẹ ń bá wí. Mẹ́ta ló ń ṣojú ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwa ará Ṣágámù. Sẹ́nétọ̀ kan wà fún gbogbo Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ pọ̀. Ẹnìkan wà nílé aṣojú-ṣòfin ní Àbújá fún Ìkẹ́nnẹ́, Ṣágámù àti Àríwá Rẹ́mọ. Ẹni tí mò ń sọ níbí ni ti Òkè-Mósàn ní Abẹ́òkúta, níbi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ògùn wà. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n níbẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ogún ló sì rán wọn. Àwa Ṣágámù ní méjì, Àríwá Ìjẹ̀bú náà ní méjì, Ìjẹ̀bú-Òde ní ẹyọ kan. Ẹ yáa mọ èyí tó jẹ́ tiyín nínú méjèèjì, kí ẹ má lọ máa bú aṣòfin aláṣòfin. Ìyá olóbì kan láti Sábó ní òun ò ní dìbò fún tiwa mọ́ torí kòtò ojú ọ̀nà Ṣágámù sí Benin. Mo ní, "Ìyá, ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ nìyẹn, ti Àbújá ni kí ẹ bi." Ó wò mí títí, ó ní ta ló wá ń jẹ owó òun nígbà náà. Ìbéèrè yẹn dára, òun náà wà nínú ìwé mi.

Ẹ má bi aṣòfin pé, "Kí lo ṣe fún wa?" Bí ẹ bá bi í bẹ́ẹ̀, yóò ka bọ́ọ̀hóòlù mẹ́ta, tiransifọ́mà kan àti fọ́ọ̀mù ìdánwò tó rà fáwọn ọmọ. Ẹ̀bùn nìyẹn. Ẹni tí kò wọ ilé ìgbìmọ̀ rí lè gbẹ́ kànga. Ẹ bi í báyìí: àbádòfin wo lo gbé kalẹ̀, ibo ló sì dé? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń ka àbádòfin, orí kíkà kejì ni iyàn gan-an wà. Tó bá kọjá kíkà kẹta, ó ku kí gómìnà buwọ́ lù ú. Bí gómìnà bá kọ̀, àfi kí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé tún fọwọ́ sí i. Nínú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, méjìdínlógún nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun nìkan yóò ṣòfin kan fún wa, ẹ bi í pé àwọn mẹ́tàdínlógún wo ni yóò tẹ̀ lé e.

Ẹ tún bi í nípa ọjọ́ tó fi jókòó. Òfin orílẹ̀-èdè 1999 ní ilé gbọ́dọ̀ jókòó ó kéré tán ọjọ́ 181 lọ́dún. Aṣòfin tó bá sá fún ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ ìjókòó lọ láìnídìí tó múná dóko lè pàdánù ipò rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ní, "Àǹtí, ká ní èmi ló sá tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ò bá ti lé mi tipẹ́." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìbéèrè tó máa ń mú kí wọ́n làágùn ni ti ìṣúná. Ẹ mú ohun kan tó wà ládùúgbò yín, bóyá ilé ìwé tí òrùlé rẹ̀ ti ṣí tàbí ilé ìwòsàn kékeré tí kò ní nọ́ọ̀sì. Ṣé owó rẹ̀ wà nínú ìṣúná? Bó bá wà, tí iṣẹ́ kò jáde, ta lo pè wá ṣàlàyé? Ilé ìgbìmọ̀ ló ń fọwọ́ sí owó, àwọn náà ló ń yẹ àwọn kọmíṣọ́nnà wò kí wọ́n tó bọ́ sípò, wọ́n sì láṣẹ láti pe wọ́n padà wá jíhìn. Aṣòfin tí kò bá bi kọmíṣọ́nnà ní nǹkan kan fún ọdún mẹ́rin, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìpàdé ìlú ni kí ẹ ti béèrè, níwájú àwọn àgbà, ẹ má ṣe é ní pálọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ti jẹ ìkọ́kọrẹ́ ẹlòmíràn tán, ohùn rẹ̀ máa ń rọ̀.

Ẹ óò gbọ́ tí wọ́n á ní ó ti lọ lẹ́ẹ̀mejì, ó tó. Gómìnà ni òfin dá ẹ̀ẹ̀mejì lé lórí, aṣòfin kò ní gbèdéke. "Ó kan àdúgbò tiwa" jẹ́ àdéhùn inú ẹgbẹ́ lásán, èmi kì í fi wọn ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ náà, tépù kan náà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Láti 2018, ẹni ọdún 25 ti lè jáde, kì í ṣe 30 mọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí nìkan kò lè rán aṣọ.

Lọ́jọ́ ìbò, ìwé méjì ni wọ́n máa fún yín, ti gómìnà àti ti aṣòfin. Lọ́dún 2023, ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta, mo rí àwọn tó tẹ̀ka sí àmì kan náà lórí méjèèjì láìwo ìkejì. Kò sí dandan níbẹ̀. Orúkọ kò sí lórí ìwé náà, àwòrán kò sí, àmì ẹgbẹ́ nìkan ni. Bí aṣòfin bá ti yí ẹgbẹ́ padà láàárín ọdún mẹ́rin, àmì tí ẹ tẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí íǹkì gbẹ díẹ̀ kí ẹ tó ká a, kó má bàa lẹ̀ mọ́ àmì mìíràn. Ti dìbò-kóo-sebẹ̀, ẹ̀yin lẹ mọ̀, ọbẹ̀ ọjọ́ kan ni. Bí ẹ bá sì lè dúró, ẹ dúró títí wọ́n á fi kà á, tí wọ́n á lẹ èsì mọ́ ibùdó, kí ẹ fi fóònù yà á.

Ọmọkùnrin ọjọ́sí tún gbé ànkàrá wá lóṣù tó kọjá. Mo béèrè ìdajì owó tó ṣẹ́kù. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká wọlé ná." Mo ká ànkàrá náà, mo gbé e sókè pátápátá, ojú ọ̀gá rẹ̀ sí ògiri.