Bí A Ṣe Lè Fi Kẹ̀kẹ́ Wo Ìlú Àjàṣẹ́ Lóòjọ́ Nígbà Ọyẹ́

Ìgbà ọyẹ́, láti oṣù Kejìlá wọ oṣù Kejì, ni mo fẹ́ràn jù láti gun kẹ̀kẹ́ ológeere ní Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Gùn ń pè ní Hògbónù, tí àwọn Potogí sì sọ ní Porto-Novo. Òjò ti dá, ẹrẹ̀ ti gbẹ lójú ọ̀nà ilẹ̀ pupa, òwúrọ̀ sì máa ń tutù tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí méjì kí òógùn tó bọ̀ ọ́. Olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin ni Àjàṣẹ́ lóòótọ́, síbẹ̀ kò tóbi ju ohun tí ẹlẹ́sẹ̀ líle lè yí ká láàárín òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà tóóró ló wà láàárín àwọn agboolé àtijọ́ tí mọ́tò kò lè wọ̀, tí zẹ́mìjàn, ìyẹn ọ̀kadà, sì máa ń yára gbà kọjá débi pé ẹni tí ó gbé kò ní rí nǹkan kan. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ a rí i, a kí onílé, onílé a sì dá a lóhùn.

Láti alẹ́ àná ni ìmúra ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ yẹ bíréèkì wò dáadáa, nítorí ìlú náà rọra ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí etí ọ̀sà, ẹ ó sì nílò rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń bọ̀. Ẹ má fẹ́ táyà le koko, nítorí òkúta ni wọ́n tò sí ọ̀pọ̀ títì níbẹ̀, táyà tó bá sì le jù yóò máa gbọ̀n yín títí ọrùn ọwọ́ yóò fi máa ro yín. Ní ti ṣéènì, ẹ fi àkísà gbígbẹ nù ún, kí ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sí i, kí ẹ sì tún nu èyí tó bá ṣẹ́kù kúrò. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, eruku ọyẹ́ yóò lẹ̀ mọ́ ọn, yóò di ẹrọ̀fọ̀ dúdú tí yóò máa jẹ eyín irin náà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ mú túùbù kan lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìfẹ́-táyà kékeré, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bẹ̀rù bí ó bá jò, nítorí àwọn tí ń lẹ táyà wà káàkiri ìlú. Ní ọdún kan tí ìṣó gún táyà mi, ọkùnrin kan ní ẹ̀gbẹ́ títì bọ́ túùbù náà, ó fẹ́ ẹ, ó sì ń tì í bọ omi inú abọ́ onírin kan díẹ̀díẹ̀, ó ń yí i láàárín ìka rẹ̀ bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà. Omi náà ti pupa nítorí eruku, mi ò sì rí nǹkan kan nínú rẹ̀, àfìgbà tí ìfófòó tíntìntín kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Ó fi àtàǹpàkò dí i, ó ha ojú ibẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́, kò sì jò mọ́ títí ọdún fi yí. Láti ìgbà náà ni èmi náà ti ń fi omi wá ojú ihò dípò kí n máa fi etí tẹ́ ẹ.

Ẹ wọ aṣọ méjì léra, kí ẹ lè bọ́ èyí tó wà lókè nígbà tí oòrùn bá mú, nítorí ọ̀gìnnìtìn òwúrọ̀ kì í pẹ́ lọ. Ṣòkòtò tó ṣe wẹ́kú ló dára fún tọkùnrin tobìnrin. Ìró àti ẹsẹ̀ ṣòkòtò gbọọrọ a máa kó sí ṣéènì. Ẹ fi òrí pa ètè, ọwọ́ àti gìgísẹ̀ kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì ní gèlè tàbí ìborùn tí ẹ ó fi bo imú níbi tí eruku bá pọ̀. Omi ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ṣe rò lọ: afẹ́fẹ́ ọyẹ́ a máa gbẹ òógùn kí a tó mọ̀ pé a ti làágùn, nítorí náà ẹ mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Ẹni tí ikọ́ fée bá ń bá jà kò gbọdọ̀ jáde lọ́jọ́ tí ọyẹ́ bá ṣú bo ilé iwájú.

Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Kútọnu, tí ó tó nǹkan bí kìlómítà 30, ẹ má gun kẹ̀kẹ́ wá, nítorí ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀ lójú ọ̀nà náà. Ẹ jẹ́ kí onítakisí so ó mọ́ orí ọkọ̀, kí ẹ sì dúnàá-dúrà owó ẹrù kí wọ́n tó gbé e sókè. Ohun kan náà ni mo wí fún àwọn tó ń bọ̀ láti Sakété tàbí Ìgòlò.

Nǹkan bí aago 7 ni oòrùn ń yọ ní oṣù Kínní. Kí ẹ wà lórí kẹ̀kẹ́ ní wákàtí náà, ní apá ibi ọ̀sà, kí ẹ sì máa gòkè lọ nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ní agbára. Ẹ kọ́kọ́ dúró jẹ àkàrà gbígbóná pẹ̀lú ẹ̀kọ lọ́wọ́ ìyá tó bá ń dín in lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí mọ́ṣáláṣí àtijọ́ tó wà nítòsí ọjà ńlá. Ọdún 1912 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, àwọn Mùsùlùmí tó jẹ́ ọmọ Àgùdà, ìyẹn àwọn tí bàbá ńlá wọn ti Brazil padà wá, ni wọ́n sì kọ́ ọ, tí iwájú rẹ̀ fi jọ ṣọ́ọ̀ṣì ìlú Bahia. Òwúrọ̀ ọyẹ́ ni kí ẹ wò ó, nígbà tí oòrùn rí ràkọ̀ràkọ̀ bí àwo funfun nínú kùrukùru, tí àwọ̀ tó ti ṣí lára ògiri náà sì rọ̀ lójú.

Láti ibẹ̀, ẹ rọra wọ àdúgbò Accron. Kí àwọn ọmọ Allada, tó wá tẹ ìjọba Hògbónù dó, tó dé ni àwọn Yorùbá ti wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ojúbọ Abórímẹ́sàn-án wà. Àwọn àgbà sọ pé ọdẹ Yorùbá mẹ́ta ló rí ẹ̀dá olórí mẹ́sàn-án kan tó yọ láti inú òkìtì ọ̀gán, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ ọ́. Ẹ sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ bí ẹ bá dé ibi tí ojúbọ wà, ẹ tì í lọ́wọ́, ẹ kí àgbà tó bá jókòó níbẹ̀ pé “Ẹ kú ọyẹ́ o,” kí ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó ya àwòrán. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì kọjá. Èmi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yára níbí: wákàtí kan kò pọ̀ jù fún àwọn ọ̀nà kọ́rọ̀kọ́rọ̀ wọ̀nyí.

Ààfin Honmè kò jìnnà. Ilé Ọba Toffa ni, ẹni tó jọba láti 1874 sí 1908. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Alexandre Sènou Adandé náà wà nínú ìlú, níbi tí wọ́n kó àwọn ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sí, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ìṣúra gbogbo ayé. Ẹ béèrè ní ọjọ́ tó ṣáájú bóyá wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, nítorí iṣẹ́ àtúnṣe a máa dé irú ibẹ̀ pa.

Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, ẹ wọ abẹ́ igi nínú ọgbà tí wọ́n ń pè ní Jardin des Plantes, tó jẹ́ igbó ọba nígbà kan, tí àwọn ìrókò àgbà ṣì dúró níbẹ̀. Ẹ sinmi títí oòrùn yóò fi rọ̀, kí ẹ mu akpan tútù, ohun mímu tí wọ́n fi ògì ṣe, kí ẹ tó gòkè lọ sí àdúgbò Ouando. Níbẹ̀ ni oko Songhaï wà, tí àlùfáà Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985. Ẹ ó rí bí wọ́n ṣe ń sọ ìgbẹ́ ẹran di gáàsì ìdáná, tí ohun kan kì í fi í ṣòfò. Ìgbà tó bá jẹ́ ọjọ́ ọjà Àjàrá, ìlú kan nítòsí, nìkan ni mo lè ní kí ẹ fi Ouando sílẹ̀, kí ẹ lọ wo ìkòkò àti ìlù ní ọjà náà, nítorí ẹ kò lè ṣe méjèèjì pọ̀ láìsáré.

Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ padà sí ọ̀sà, ẹ máa fún bíréèkì ẹ̀yìn ṣáájú ti iwájú, nítorí iyanrìn tó dà sórí òkúta a máa yọ̀. Ẹ yẹra fún etí títì níbi tí wọ́n bá to ìgò epo bẹntiróòlù sí. Oòrùn kì í wọ̀ títí aago 7 ìrọ̀lẹ́ fi kù díẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ọyẹ́, ìmọ́lẹ̀ a ti ṣókùnkùn ṣáájú. Ẹ tan iná kẹ̀kẹ́ láti aago 6, kí ẹ sì fi àkísà yín nu eruku kúrò lára ṣéènì kí onítakisí tó gbé e sórí ọkọ̀.