Àṣìṣe tó ń sọ ẹ̀rọ ìfúnpá di ohun ìpatì nínú ilé

Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ ìfúnpá (èyí tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò) tí àwọn ọmọ ń rà ránṣẹ́ sílé ní Òṣogbo, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń gbé. Wọ́n á ní Màmá ò fẹ́ nǹkan ìgbàlódé. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rà á ni kò parí iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ aṣọ tí wọ́n ń dì mọ́ apá ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Èyí tó máa ń wà nínú páálí sábà wà fún apá tí àyíká rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22 sí 32. Ẹ fi téèpù télọ̀ wọn apá òkè, ní agbedeméjì èjìká àti ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ tó rajà. Bí apá Màmá bá jẹ́ 36, aṣọ kékeré á fún un pinpin, nọ́ńbà á ga ju bó ṣe yẹ lọ, apá á máa ro wọ́n, ẹ̀rù á bà wọ́n, ó parí nìyẹn. Ńlá, 32 sí 42, ni kí ẹ béèrè. Ara ni wọ́n ń dì í mọ́, kì í ṣe orí apá bùbá.

Ẹ má yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ọjà Ọba dé wò. Kí wọ́n tọ̀, kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga fún ìṣẹ́jú 5, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, apá lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà, kí wọ́n má sọ̀rọ̀ (iṣẹ́ ńlá nìyẹn nílé tí ọmọ-ọmọ wà). Ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lálẹ́, kí ìṣẹ́jú 1 wà láàárín, fún ọjọ́ 7. Ẹ má ka ti ọjọ́ kìíní. Bí àròpín ìyókù bá tó 135/85 (135 fún nọ́ńbà òkè tàbí 85 fún ti ìsàlẹ̀), ó ti ga nìyẹn, nítorí 140/90 tí ẹ ń gbọ́, ti ọsibítù ni.

Bí Bàbá náà bá ń lò ó, kí kálukú máa tẹ nọ́ńbà tirẹ̀ lórí ẹ̀rọ, 1 tàbí 2, kí àkọsílẹ̀ wọn má bàa dà pọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n yọ bátìrì rẹ̀ sínú rédíò: lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, déètì á dàrú.

Ẹ má ra oní-Bluetooth, tó ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí fóònù fúnra rẹ̀, fún ẹni tó ń lo fóònù kékeré oníbọ́tìnnì. Ìwé àti bírò tó. Ohun tó ń jẹ́ kó sú wọn jù ni kí wọ́n máa fi nọ́ńbà ránṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni má fèsì. Ẹ bá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà wọn sọ ọ́ ṣáájú: ta ni yóò wò ó, ọjọ́ wo?

Bó bá tó 180/120, ẹ má fi oògùn kún oògùn. Ẹ sinmi, ẹ tún un yẹ̀ wò. Bó bá ṣì wà bẹ́ẹ̀, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dùn wọ́n, tí wọn ò lè mí dáadáa, tàbí tí apá kan ara wọn rọ, ẹ má dúró de èsì WhatsApp. Ẹ gbé wọn lọ sí UNIOSUN Teaching Hospital tàbí ọsibítù tó bá sún mọ́ yín jù.