Ẹ Fi Bíró Pupa Sílé: Ọ̀rọ̀ Ẹ̀bùn fún Ẹni Tí Ará Kòríà Bá Pè Wá Sílé

Bí ará Kòríà bá pè yín wá sílé, ẹ má ṣe lọ lọ́wọ́ òfo. Páálí èso kan ti tó. Bí ó bá sì jẹ́ ìṣílé, tí wọ́n ń pè ní jipdeuri, ọṣẹ ìfọṣọ àti tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbé lọ, nítorí wọ́n gbà pé bí ọṣẹ ṣe ń hó ni ọrọ̀ onílé yóò máa pọ̀ sí i, àti pé bí tíṣù ṣe ń tú láìkọ́ ni ọ̀nà rẹ̀ yóò máa là. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹ̀bùn fún àgbà. Èyí kò ṣòro fún ọmọ tí a kọ́ nílé.

Bíró ló kó bá mi. Ní ọdún kejì tí mo dé Ansan, ìlú kan ní Kòríà, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ pè mí wá jẹun, mo sì ra páálí ápù tí ó gbówó lórí fún ìyá rẹ̀. Mo béèrè orúkọ màmá náà, mo fi odindi ìrọ̀lẹ́ kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Hangul, ìyẹn lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ èdè Kòríà, mo wá fi bíró pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára káàdì kí ó lè fani mọ́ra. Màmá gbà á tẹ̀rín-tẹ̀rín, ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ ti bọ́ sí káàdì ni ẹ̀rín náà ṣá. Ìyàwó ọ̀gá mi rọra yọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó da ojú rẹ̀ dé sórí tábìlì, ó sì ní kí n wá jẹun. Kò sí ẹni tí ó bá mi wí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni ẹlẹgbẹ́ mi kan tó là á yé mi pé lójú wọn, ẹni tí ó fi pupa kọ orúkọ alààyè, ikú ni ó ń fẹ́ fún un. Wọn kò pè mí mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Èyí tí ó dùn mí jù ni pé àwọn náà kì í pe àgbà lórúkọ. Èmi ọmọ Yorùbá, ta ni ó yẹ kó kọ́ mi ní ìyẹn? Eomeonim, ìyẹn ìyá wa, ni ǹ bá kọ, kí n sì fi bíró dúdú kọ ọ́.

Ẹ má kó nǹkan mẹ́rin lọ, nítorí sa, tí í ṣe ẹẹ́rin, dún bí ikú létí wọn, débi pé F ni wọ́n ń kọ dípò 4 nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ agbéniròkè. Ẹ má gbé òdòdó kirisáńtímọ́ọ̀mù funfun lọ, ilé òkú ni wọ́n ń gbé e lọ. Bí onílé bá kọ́kọ́ ní kí ẹ má ṣe ìyọnu, ẹ má gbé ẹ̀bùn yín padà o. Ẹ tún fi lọ̀ ọ́. Bí kò bá sì tú u lójú yín, kì í ṣe pé kò mọyì rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé jókòó sí yàrá mi, ó ń kọ káàdì fún onílé rẹ̀. Kí ó tó parí lẹ́tà àkọ́kọ́ ni mo ti já bíró náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀.