Bí A Ṣe Lè Fi Mọ́tò Oníná Rọ́pò Ẹ́ńjìnnì Epo Nídìí Ẹ̀rọ Ìlọta

Nídìí ẹ̀rọ ìlọta, epo púpọ̀ ló ń jó nígbà tí kò sí ata kankan nínú ẹ̀rọ. Oníbàárà kan ti lọ, òmíràn kò tíì dé, ṣùgbọ́n nítorí pé okùn ẹ́ńjìnnì le fà, a ó fi í sílẹ̀ kí ó máa dún. Mọ́tò oníná (kì í ṣe èyí tí à ń wọ̀ rìnrìn àjò, ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná yí bẹ́líìtì ni) kò ní ìṣòro yìí: ẹ tan súwíìsì, ó yí, ẹ pa á, ó dákẹ́, kò sì ní jẹ ohunkóhun títí ẹni tó kàn yóò fi gbé ike ata rẹ̀ dé.

Kí ẹ tó ra á, ẹ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò. Mọ́tò 2 horsepower (ìwọ̀n agbára ẹ̀rọ) tó ń ṣiṣẹ́ ní kíkún fún wákàtí kan yóò jẹ nǹkan bí yúníìtì iná 2. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè jó ohun tó sún mọ́ lítà 1, nítorí pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára epo ló ń dé ara bẹ́líìtì. Ìyókù di ooru. Ẹ fi iye tí ẹ ń ra yúníìtì wé iye tí ẹ ń ra epo ní àdúgbò yín.

Púlì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì ń yí lé lórí, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù kékeré lè yí tó ìgbà 3,600 ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ọ̀pọ̀ mọ́tò ń yí nǹkan bí ìgbà 1,450; iye tirẹ̀ wà lára àwo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn mọ́ ọn. Bí ẹ bá gbé púlì ẹ́ńjìnnì sára mọ́tò bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ yóò máa wọ́, ata kò sì ní kúnná. Púlì 3 íǹṣì lára ẹ́ńjìnnì yẹ kí ó di nǹkan bí 7.5 íǹṣì lára mọ́tò.

Nígbà tí mọ́tò bá ń gbéra, iná tó ń fà lè tó ìlọ́po márùn-ún sí méje ti ìgbà tó bá ti ń yí dáadáa. Ẹ má ṣe lo wáyà tínrín, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná ri wáyà ààbò mọ́lẹ̀, nítorí ọwọ́ alọta kì í gbẹ, kí ẹ sì tan ẹ̀rọ lófìfo kí ẹ tó da ata sí i. Bí iná bá kéré, tí mọ́tò ń kùn láìyí, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kọ́ìlì (wáyà tí wọ́n wé) inú rẹ̀ yóò jóná.

Lára mọ́tò, kò sí púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì, kabúrétọ̀ tàbí ọ́ìlì láti máa pààrọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ mí lógún jù ni èéfín ẹ́ńjìnnì: gáàsì olóró carbon monoxide inú rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì lè pa ènìyàn nínú ṣọ́ọ̀bù tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀. Ọwọ́ tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bu epo kò yẹ kí ó kan ọbẹ̀ ọlọ́bẹ̀.

Ẹ má tíì ta ẹ́ńjìnnì yín o, torí ọjọ́ tí iná bá lọ. Ẹ de àwọn méjèèjì mọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, kí ẹ sì máa yọ bẹ́líìtì èyí tí kò ṣiṣẹ́ kúrò kí ẹ tó tan èkejì.