Bí ẹ ṣe lè yan ọmọ sí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà láìṣe ègbè

Máàkì JAMB kì í sọ bóyá ọmọ mọ àwòrán yà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà fi ń ní kí wọ́n kó iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá, tàbí kí wọ́n jókòó yà á lójú àwọn olùkọ́. Ibẹ̀ náà sì ni ègbè ti ń wọlé láìmọ̀.

Ẹ̀yin ni kí ẹ pèsè ohun èlò: bébà A3 méjì-méjì, pẹ́ńsù HB, 2B àti 6B (HB ló le jù, 6B ló rọ̀ tó sì dú jù), pẹ̀lú írésà. Ọmọ tó mú HB nìkan wá láti ilé á tẹ̀ ẹ́ títí bébà á fi fẹ́ ya, òjìji rẹ̀ kò sì ní dú. Ẹ ó wá ní kò mọ òjìji yà, nígbà tó jẹ́ pé owó pẹ́ńsù ni kò sí. Ẹ má to ìkòkò kan ṣoṣo tí wọ́n máa yà sáàárín ogójì ọmọ: ẹ to ọ̀kan fún ọmọ mẹ́jọ-mẹ́jọ, kí ìmọ́lẹ̀ gbogbo wọn gba ẹ̀gbẹ́ kan náà wá.

Nọ́ńbà ni kí ó wà lẹ́yìn bébà, kì í ṣe orúkọ. Ní ìlú tí wọ́n ti ń fi orúkọ bàbá mọ agboolé, orúkọ nìkan ti tó fún ojúsàájú. Ẹ ti kọ ìpín máàkì sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí iṣẹ́ kankan: ìwòye 30, ètò orí bébà 25, ìlà àti òjìji 20, èrò tirẹ̀ 25. Kí olùkọ́ méjì fún un ní máàkì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí wọ́n bá fi ju 15 lọ yàtọ̀, ẹ má kàn pín in sí méjì. Kí oníkálukú sọ ìdí tirẹ̀, kí ẹnì kẹta sì tún un wò.

Abẹ́òkúta nìyí, nítorí náà ọmọ tó dàgbà sídìí aró ní Ìtòkú lè mú àdìrẹ wá dípò àwòrán. Ẹ má pè é ní iṣẹ́ ọjà lásán. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́kọ, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ ṣe bátànì sí lára kí wọ́n tó rì í sínú aró, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi yà á ni, àbí páànù gígé ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́? Ìlà ìyẹ́ máa ń fẹ̀ níbi tí ọwọ́ ti tẹ̀, á tín-ín-rín níbi tó ti fò; ti páànù rí bákan náà káàkiri. Bó bá jẹ́ páànù, ẹ bi í léèrè ẹni tó gé e. Bó bá rà á ni, kò ní máàkì èrò níbẹ̀, àmọ́ ó lè gba ti ètò, bí bátànì bá tò gún. Bí aró bá wọ abẹ́ ẹ̀kọ, ẹ̀kọ ló ṣàn jù tàbí kò gbẹ tán kí wọ́n tó rì í: ọwọ́ ni kò tíì mọ iṣẹ́ náà dáadáa, ojú inú lè dára. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì pé òun ló di oníko, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ikó dì kí wọ́n tó rì í sínú aró, ẹ fún un ní aṣọ kékeré àti ikó, kó dì í lójú yín.

Ọmọ tó jẹ́ adití nílò àlàyé tí wọ́n kọ sójú bọ́ọ̀dù; ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ nílò yàrá ìsàlẹ̀. Ẹ lẹ ohun tí ẹ ń fẹ́ síta ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, torí ọ̀pọ̀ ilé ìwé girama ni kò ní olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tó lè sọ ọ́ fún wọn.